Ta Ló Kí Oníṣẹ́ Abẹ?

"Àwọn tiwa ń sá lọ, ẹ̀yin ń sá bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Alhaji atẹ̀wé kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo kó ẹrù mi gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní Ṣómólú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ nísàlẹ̀, tàdáwà ti kun ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ó ń wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin kan, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ló gba yàrá òkè, àti pé láti ẹ̀yìn bọ́dà ló ti ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

"Ọmọ àbúrò mi, dókítà ni, ó ti wà ní Kánádà. Aládùúgbò mi, nọ́ọ̀sì, ó ti wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ta ló wá sọ fún yín pé wọ́n ń pín oyin ní Bàrígà?"

Mo ní, "Bàbá, ilé tí àwọn èèyàn ti sá jáde ni yàrá máa ń ṣófo."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ! Níbo gan-an lẹ ti wá?"

"Kétu ni, sà."

"Kétu? Kétu tó wà lọ́hùn-ún yìí, tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń ná? Ẹ ò mà rìn jìnnà o!"

Bí mo ṣe di ará Ṣómólú nìyẹn, ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà mí.

Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó, òtútù á tètè sọ fún un pé àjèjì ni. Àjèjì tèmi kò ní òtútù nínú. Èdè tí mo mu mọ́ ọmú ìyá mi ni wọ́n ń sọ nígboro, síbẹ̀ bí mo bá la ẹnu, àwọn ọmọdé Abúlé Òkúta á máa sín mi jẹ. Kétu ti Alákétu ni ilé mi, níbi tí Yorùbá ti jẹ́ èdè ilé, tí Faransé sì jẹ́ èdè ilé ìwé. Kútọnu ni mo ti kọ́ iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ni gbogbo àdúgbò ṣe sọ mí ní Dókítà Kútọnu, bí ẹni pé inú ilé ìwé ni wọ́n bí mi sí. Ìdánwò tí mo ṣe kí wọ́n tó gbà kí n fọwọ́ kan abẹ ní Èkó, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó ti jẹ iṣu tán kì í jókòó ti èèpo.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ojú tì mí. Mo ti la inú aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ ń sun, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo fi Faransé béèrè irin tí a fi ń di iṣan mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn. Kò sẹ́ni tó mira. Mo tún un sọ. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ti fò lọ lórí mi pátápátá. Mo bá kígbe pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní èyí tó lẹ́nu bí ẹyẹ yẹn!" Mátírọ́nù gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n tó pa ẹnu dé, ẹ̀rín sì bú lábẹ́ gbogbo ìbòmú. Títí dòní, ẹlẹ́nu-ẹyẹ ni wọ́n ń pe irin náà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ wa. Ìṣẹ́gun kékeré ni, ṣùgbọ́n mo gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ẹran Iléyá. Àjèjì tí wọ́n bá gba orúkọ lẹ́nu rẹ̀, ó ti ní àpótí ìjókòó díẹ̀ nínú ilé.

Ìta yàrá yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, lọ́dọ̀ àwọn tó gbé aláìsàn wá.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa pe dókítà."

"Èmi ni dókítà, mà."

"Mo mọ̀. Dókítà tó máa gé e gan-an ni mò ń wí."

"Èmi náà ni, mà."

"Hẹ́n-ẹn." Ìyá náà á wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀. "Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀ ni?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí gbogbo rẹ̀ kò ní rí ọwọ́ ṣiṣẹ́.

Ilé ìwòsàn wa wà lójú ọ̀nà tó ti Ṣómólú wọ Bàrígà, láàárín àwọn atẹ̀wé. Ilé ìwòsàn aládàáni ni, kò tóbi. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dákẹ́ lójú mọmọ. Tí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn atẹ̀wé á bú, tiwa náà á sì bú, a ó máa fi ojú bára wa sọ̀rọ̀ lókè aláìsàn bí odi. Ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà ni a ń pè ní Ọ̀gá. Ó ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ, oníṣẹ́ abẹ ni òun náà. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ti wà ní òkè òkun tipẹ́. Ó ní ilé tó dára ní Akoka, ṣùgbọ́n orí àga gbọọrọ inú ọ́fíìsì rẹ̀ ló ń sùn, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà sì wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo kí wọ́n lè tètè rí i pè. Orógbó kì í wọ́n nínú àpò aṣọ funfun rẹ̀. Bí oorun bá ń kùn ún, á jẹ orógbó, á ní, "Kì í rẹ oníṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ ló ń tán."

Àwọn dókítà tó ti bá a ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti jápa níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé, èmi àti òun nìkan ló kù tó lè mú abẹ. Iṣẹ́ àwọn tó lọ kò bá wọn lọ. Ó dúró, ó ń dúró dè wá ní gbogbo òwúrọ̀ ní orí bẹ́ńṣì ìta.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ara ní ohùn tirẹ̀. Ọrùn mi kì í yí sí apá òsì mọ́ bí ó bá ti di ọ̀sán. Mo mọ bí ènìyàn ṣe ń mú ìtọ̀ mọ́ra títí yóò fi gbàgbé pé ó ń gbọ̀n òun. Mo ń mu mínírà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ìdúró, mo ń pè é ní oúnjẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí ìyá mi bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Kétu, á pè mí. Kì í kọ́kọ́ béèrè nǹkan kan. Á kì mí ná. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì mi, á bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá bàbá mi, dé orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ agbo ilé wa dó. Mo máa ń jókòó sórí ibùsùn, mo máa ń di fóònù mú ṣinṣin. Ní gbogbo Ṣómólú, kò sí ẹnìkan tó mọ oríkì mi. Ibi tí kò bá ti sí ẹni tó lè kì ọ́, o lè níṣẹ́ níbẹ̀, o lè lórúkọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ kò wú níbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni á béèrè: "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Ṣé ò ń sùn?"

"Mò ń sùn dáadáa."

"Ohùn rẹ kò sùn."

"Fóònù ni, Màmá."

Báyìí ni à ń bá a bọ̀ kí ọ̀rọ̀ Ayọ̀délé tó ṣẹlẹ̀.

Láti Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn apẹja létí ọ̀sà Bàrígà, ni wọ́n ti gbé e wá, ní àárín ọ̀sán kan, nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Apẹja ni, ọ̀dọ́kùnrin, apá rẹ̀ le bí ìtí igi. Inú ti ń dùn ún fún bí ọ̀sẹ̀ kan, oògùn kẹ́mísìtì ló sì ń lò sí i. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó le bí pákó. Ìfun rẹ̀ ti lu. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó yọ ọwọ́ mi kúrò.

Nígbà tí wọ́n ń tì í wọlé, ó di apá aṣọ mi mú.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ o. Màmá mi wà níta, kò tíì jẹun."

Mo ní, "A ó tètè ṣe é."

A gbàdúrà gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, Mátírọ́nù ló ṣáájú. A ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Mo fọ inú rẹ̀, mo rán ibi tó lu, Ọ̀gá náà wọlé wá, ó wò ó, ó ní kò sí ohun tí òun náà ì bá tún ṣe tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n májèlé inú ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá. Ọkàn rẹ̀ dúró lórí tábìlì. A lù ú, a tẹ̀ ẹ́, a fún un lábẹ́rẹ́. Kò padà.

Òfin kan wà ní ilé ìwòsàn wa: ẹni tó mú abẹ kì í jáde lọ sọ fún ẹbí. Ọ̀gá ló máa ń lọ. Oníṣẹ́ abẹ á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ọ̀nà ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kí ẹbí má baà fi ìbínú kọlù ú. Mo dúró láàárín aṣọ tútù tó so rọ̀ lórí okùn. Mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá lábẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe ìyá kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò dákẹ́.

Mátírọ́nù wá bá mi níbẹ̀. Ó wò mí fírí, ó gbé ojú kúrò.

"Dókítà, péṣẹ́ǹtì kejì ti wà lórí tábìlì."

Ìpákè ni, ọkùnrin kan tó ti dúró láti òwúrọ̀. Mo wọlé, mo fọ ọwọ́, mo gé e, mo rán an. Ó sàn. Ìyàwó rẹ̀ kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì."

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Àwa Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. A ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dìde, a ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun. Bí ewúrẹ́ bá kú, a ó kí olówó rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó kí mi. Èmi náà kò sì mọ̀ pé ìkíni ni mò ń wá. Mo rò pé àárẹ̀ lásán ni.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Níbi tí a ti ń fọ ọwọ́ kí a tó wọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Màá fọ̀ ọ́, màá tún fọ̀ ọ́, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sán, omi á ṣì máa dà. Lẹ́yìn náà ni èyí tó burú dé. Mo gbé abẹ sókè lórí ikùn ọmọdébìnrin kan tó ní àrùn apẹ́ńdíìsì, iṣẹ́ tí mo lè fi ojú dídì ṣe, ọwọ́ mi kàn dúró sí òfurufú. Kò gbọ̀n. Ó kàn dúró ni, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn. Mátírọ́nù wú ikọ́. Ọwọ́ mi sọ̀kalẹ̀, mo ṣe iṣẹ́ náà parí.

Mo bẹ̀rù, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀. Tíṣà kan wà ní Akoka tó ní gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, èmi ni mo sì máa gé e kúrò. Ọrùn kì í ṣe ikùn. Iṣan tó ń gbé ohùn gba ìdí gẹ̀gẹ̀ kọjá, ó tín-ín-rín bí òwú. Ọwọ́ tó bá dúró níbẹ̀, tó sì tún já wálẹ̀ lójijì, lè sọ tíṣà di odi. Bí mo bá sì sọ pé n kò lè ṣe é, kí ni mo wá ṣe ní Èkó? Ta ló ń fẹ́ oníṣẹ́ abẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ronú?

Mo tọ Ọ̀gá lọ. N kò sọ ti ọwọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ lọ kí ìyá ọmọ tó kú yẹn."

Ó dá orógbó jíjẹ dúró. "Kí ẹni wo?"

Mo ṣàlàyé fún un. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ abẹ ní ẹ̀yìn bọ́dà ní àṣà kan. Bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, á wọ aṣọ funfun, á mú èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání, á lọ jókòó nílé òkú. Kì í ṣàlàyé, kì í ṣàwíjàre. Á jókòó ni. Bí wọ́n bá fún un lómi, á mu ún, á dìde. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Bí o kò bá mu omi ilé wọn, omi tìrẹ kò ní fọ ọwọ́ rẹ mọ́."

Ọ̀gá fi orí ti àga. "Ìyẹn dára ní ẹ̀yìn bọ́dà yín. Ibi tí gbogbo yín ti mọ ara yín. Níbí? Bí o bá débẹ̀, wọ́n á ní o wá jẹ́wọ́ ni. Wọ́n á lù ọ́, wọ́n á tún wá fọ́ gíláàsì mi. Má débẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

"Ṣe kí ni?"

"Bí ẹnìkan bá kú."

Ó na orógbó kan sí mi. "Jẹ ẹ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́."

Ì bá parí síbẹ̀ bí kò bá ṣe Alhaji. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mo rí pósítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, wọ́n tò ó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó lè gbẹ. Ojú kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Ayọ̀délé wọ fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ sánmà. Wọ́n fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó lọ kí oòrùn rẹ̀ tó kan àtàrí.

N kò lè kọjá.

Alhaji gbójú sókè. "Dókítà, ẹ rọra o, tàdáwà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú fọ́tò wá. Ó ní kí n yọ àpá kan kúrò níwájú orí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló tún padà wá, ó ní kí n dá a padà, pé òun ò dá ọmọ òun mọ̀ mọ́."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ó wò mí, ó wo pósítà, ó tún wò mí. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí èkísà, ó rọra gbé àwọn pósítà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yí ojú wọn sí ògiri kí n lè ríbi gbà kọjá.

N kò gba ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo padà sókè, mo wọ aṣọ funfun, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìlàjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé imú ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Èéfín ẹja, ẹrẹ̀ ọ̀sà, àwọ̀n tútù tí wọ́n sá. Mo béèrè, wọ́n fi ilé pákó kan hàn mí. Àwọn èèyàn jókòó lórí bẹ́ńṣì níta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan fò dìde. Ojú kan náà pẹ̀lú ti Ayọ̀délé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Dókítà tó gé e nìyí! Mo rí i lọ́jọ́ yẹn! Kí lo wá wá? Ṣé o wá wò ó bóyá ó kú dáadáa ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo wá kí Màmá ni."

"Kí Màmá! Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́, kí ló ń kí? Ṣé ẹ ń gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ pàápàá? Ó ti ẹ̀yìn bọ́dà wá fi àbúrò mi kọ́ṣẹ́!"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnìkan dúró sẹ́yìn mi, tó fi jẹ́ pé n kò lè dìde bí mo bá tilẹ̀ fẹ́. Mo rántí Ọ̀gá. Mo wo ilẹ̀.

Obìnrin kan ti inú ilé jáde. Kò ga. Ó ti so ìborùn mọ́ ìdí bí ẹni tó ń lọ síṣẹ́. Ó bá ọmọ rẹ̀ sọ èdè tiwọn, gbólóhùn kan péré, ọmọ náà sì jókòó. Ó fa àpótí, ó jókòó síwájú mi, ó wò mí pẹ́.

"Ọwọ́ wo lo fi gé e?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Ó gbà á, ó yí i padà, ó rí awọ tó ti sán, ibi tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àárín ìka.

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ń fọ̀ ọ́ ni, Màmá. N kò mọ̀ bí mo ṣe lè dáwọ́ dúró."

Ó gbé ọwọ́ náà lé orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "N kò ní sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà. Bí mo bá gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn yín, inú mi á máa gbóná títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ta ló kí ọ?"

Mo mi orí.

Ó nawọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀délé ní, "Màmá, ẹ má fún un lómi!" Kò dá a lóhùn. Wọ́n gbé píọ̀ wọ́tà kan fún un, ó fi eyín já igun rẹ̀, ó dà á sínú kọ́ọ̀pù, ó kọ́kọ́ fi ẹnu tirẹ̀ kàn án, ó sì gbé e fún mi.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Dókítà."

Mo mu ún tán. Omi náà ń rùn èéfín. Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, èmi tí wọ́n ní kì í rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ náà dára tán, Ọ̀gá ló sọ òótọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n Ayọ̀délé wà níwájú ilé ìwòsàn wa pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Dókítà yín ti wá jẹ́wọ́! Ó sunkún lójú gbogbo wa! Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń pa á lẹ́kún?" Àwọn aláìsàn orí bẹ́ńṣì ń dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ. Alhaji àti àwọn atẹ̀wé ló jáde wá bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi padà.

Ọ̀gá pè mí. Kò jókòó.

"Ṣé mo sọ fún ọ, àbí n kò sọ?"

"Ẹ sọ fún mi, sà."

"Kó o lọ máa palẹ̀ mọ́, ṣé ìyẹn lo fẹ́? Lọ́la ni tíṣà Akoka. Bá a bá ti ṣe tíṣà tán, èmi àti ìwọ á jókòó."

Omi tí ìyá yẹn fún mi kò wo ọwọ́ mi sàn. Ẹnu mi ló là. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò ní ṣe é lọ́la."

"Kí lo wí?"

"Ọwọ́ mi ń dúró. Bí mo bá gbé abẹ, ó máa ń dúró sókè. Ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò lè gbé e lọ sí ọrùn ẹnìkan. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é lọ́la."

Mo ti ń retí ariwo. Kò pariwo. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọwọ́ tirẹ̀, bí ẹni tó ń wo nǹkan tó ti gbàgbé sí ibì kan. Ó jáde lọ sọ fún Mátírọ́nù pé kí wọ́n sún ọjọ́ tíṣà síwájú.

Nígbà tí wọ́n sọ fún ọkọ tíṣà pé a ti sún ọjọ́ síwájú, inú bí i gidigidi. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́, ó ti ṣètò àwọn ọmọ, kí ni èyí? Tíṣà fúnra rẹ̀ ló dá a dúró, pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá ọmọ kíláàsì wí.

"Bàbá Tọ́lá, ta ló lọ́rùn? Ọrùn mi ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó máa gé e ti sùn. Dókítà, ẹ máa lọ sílé."

Mo lọ sílé ní ọ̀sán gangan. Mo pe ìyá mi, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní, "Rárá, Màmá. N kì í jẹun. N kì í sùn pẹ̀lú." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó kì mí ju bó ṣe ń kì mí tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rọ Alhaji ń dún nísàlẹ̀, mo sì sùn lọ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá kò lé mi. Kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Nígbà tí ọjọ́ tíṣà tún pé, mo bá a ní ibi ìfọwọ́, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ó dúró ní òdìkejì tábìlì, níbi tí ọmọ iṣẹ́ máa ń dúró, ó ní, "Bó bá dúró, èmi náà wà níbí." Ọwọ́ mi kò dúró. Nígbà tí tíṣà jí, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé ta ló gbé bàtà òun. Ohùn rẹ̀ mọ́ ketekete. Mo lọ fi ara pamọ́ sáàárín aṣọ tútù ẹ̀yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ní tèmi nìkan.

N kò mọ̀ bóyá èmi yóò dàgbà sí Ṣómólú. Ọwọ́ mi ṣì máa ń pẹ́ nígbà mìíràn níbi omi. N kò tíì tún gba Ìlàjẹ kọjá. Mo mọ̀ pé inú ìyá kan níbẹ̀ ṣì ń gbóná, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, aláboyún kan kú lọ́wọ́ Ọ̀gá. A rí ọmọ gbé jáde, a kò rí ìyá. Ọ̀gá lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, òfin tó ṣe fún wa kò kan òun. Lẹ́yìn náà, mo rí i nínú ọ́fíìsì, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó ń wá orógbó nínú àpò kan, ó ń wá a nínú èkejì, àpò méjèèjì sì ṣófo.

Mo bu omi sínú kọ́ọ̀pù. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo fi ẹnu kàn án, mo gbé e fún un.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà."

Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Gbogbo ọdún tó ti fi mú abẹ, n kò rò pé ẹnìkan ti kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba kọ́ọ̀pù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ọwọ́ tí mo ti máa ń wò bí ẹni ń wo irin. Ó mu omi náà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri.

Mátírọ́nù yọjú. "Sà, péṣẹ́ǹtì kejì ti wà lórí tábìlì."

Ọ̀gá kò yíjú padà.

"Ẹ ní kí wọ́n dúró," ó wí. "Kí ẹ sì bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."